Pípààrọ̀ áàmù ọkọ̀ nínú ọgbà ilé: mọ ibi tí ìwúwo ọkọ̀ wà

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdí-Abà ní Abẹ́òkúta níbí ni mò ń gbé, Toyota Corolla 2005 ni mo sì ń wà. Ó ti tó oṣù kan tí ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún ti ń dún kò-kò-kò bí mo bá bọ́ sínú kòtò. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á fà sí ọ̀tún. Mẹkáníìkì wa ní lower arm ló ti jẹ. Mo ti ra tuntun, mo ní sípánà, mo sì ní jáàkì tó bá ọkọ̀ wá. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà wa lọ́jọ́ Sátidé. Ọgbà náà dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ewu wà níbẹ̀? Báwo ni kí n ṣe é? Ṣé kí n pààrọ̀ ti òsì náà pọ̀ mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìbéèrè, o sì kú ìnáwó. Iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe yìí kò ju agbára ẹni tó mọ sípánà lò. Irin kan ni áàmù, ìyẹn lower arm tí mẹkáníìkì yín sọ, rọ́bà méjì tí à ń pè ní bushing ló wà ní ìdí rẹ̀, ball joint, ìyẹn oríkèé tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, wà ní orí rẹ̀, bóòtù mélòó kan ló sì dè é mọ́ ọkọ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni jáàkì inú búùtù yẹn àti ọgbà tó dagẹ̀rẹ̀. Corolla rẹ lé ní 1,100 kílò. Ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá wà lára rẹ̀, o gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ìwúwo yẹn wà. Nígbà tí o bá ń tú áàmù, orí sítáǹdì ni kó wà, kì í ṣe orí jáàkì. Nígbà tí o bá fẹ́ di bóòtù bushing kẹ́yìn, ìwúwo náà gbọ́dọ̀ ti padà sórí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é nílé kì í gbọ́ nípa ti kejì yìí rárá, òun ló sì fà á tí áàmù tuntun fi ń bàjẹ́ láìpẹ́.

Ká kọ́kọ́ rí i dájú pé áàmù ló ní ẹ̀bi. Ìró kò-kò-kò nínú kòtò lè ti ọ̀dọ̀ linkage wá, ìyẹn ọ̀pá tín-ínrín tó so stabilizer (ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀) mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti áàmù rárá. Ó lè ti ọ̀dọ̀ shock wá, tàbí ibi tí orí shock ti wọ ara ọkọ̀. Àwọn áàmù tó ṣì dára tí wọ́n ti tú sọnù nítorí linkage kò kéré. Fífà tí ọkọ̀ rẹ ń fà sí ọ̀tún bí o bá tẹ bíréèkì ló jẹ́ kí n fẹ́ gbà pẹ̀lú mẹkáníìkì yín: bí bushing ẹ̀yìn bá ti ya, bíréèkì á máa ti ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, táyà á sì yí ojú kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n bíréèkì tó há náà ń ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá wakọ̀ díẹ̀ lọ́la, sọ̀kalẹ̀ kí o gbé ọwọ́ súnmọ́ ríìmù iwájú méjèèjì láìfọwọ́ kàn án. Bí ooru ti ọ̀tún bá ju ti òsì lọ gan-an, bíréèkì ni kí o kọ́kọ́ bójú tó.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà lórí sítáǹdì, ìdánwò díẹ̀ ló kù. Di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí o mì í: bó bá ń ṣí tí ó ń padà, kí ẹni kejì wo ball joint bóyá òun ló ń mì lọ mì bọ̀. Lẹ́yìn náà, ki ọ̀pá irin sáàárín áàmù àti ibi tó wọ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Rọ́bà tó dára á sún kékeré, á sì padà. Èyí tó ti ya á la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, wàá rí i. Bí o bá di táyà mú lápá òsì àti ọ̀tún rẹ̀ tó sì ń mì, tie rod nìyẹn, ọ̀pá tí sitíárì fi ń yí táyà, kì í ṣe áàmù.

Ohun kan tún wà tí o gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí Sátidé tó pé. Níbi tí ọkọ̀ dúró sí nílẹ̀, yí sitíárì dé òpin, kí o sì fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò táyà. Tẹ̀lé áàmù láti ìdí ball joint dé ibi tí àwọn bóòtù rẹ̀ ti wọ ara ọkọ̀. Ṣé àyè wà tí bóòtù kọ̀ọ̀kan fi lè jáde tán? Lára àwọn Toyota kan, bóòtù á jáde dé ìdajì, á wá kan gíà tàbí ẹ́ńjìnnì, àfi kí wọ́n sọ cradle, ìyẹn férémù irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tìrẹ rí, gbé e lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Ẹ́ńjìnnì tí ìjókòó rẹ̀ ti tú kì í ṣe iṣẹ́ ọgbà ilé.

Ilẹ̀ wá kù. Abẹ́òkúta wa kò tẹ́. Láti Ìtòkú dé Òkè-Ìlewó, orí àpáta àti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé wà, ọgbà tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò wọ́pọ̀. Bí o bá gbé iwájú ọkọ̀ sókè lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ á máa wá ọ̀nà àtiyí lọ, jáàkì á tẹ̀, sítáǹdì á sì dojú délẹ̀. “Díẹ̀” tí o sọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Gbé bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ sílẹ̀ níbi tí o fẹ́ lò. Bó bá yí lọ fúnra rẹ̀, má ṣe é níbẹ̀. Wá ọ̀rẹ́ tó ní kọnkéré tó tẹ́ níwájú ilé rẹ̀, tàbí kí o bẹ mẹkáníìkì kan kó gbà ọ́ láyè lórí ilẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí o sì fún un ní nǹkan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kódà, ó dára kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wà nítòsí nígbà tí o bá ń ṣe ti àkọ́kọ́. Ilẹ̀ pupa tí òjò ti rin kò dára pẹ̀lú, bó tilẹ̀ tẹ́: ẹsẹ̀ sítáǹdì á rì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí o wà lábẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá di dandan kí o lo ilẹ̀ lásán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pákó tó fẹ̀ tó sì nípọn ni kó wà lábẹ́ sítáǹdì kọ̀ọ̀kan.

Jáàkì tó bá ọkọ̀ wá, fún pípààrọ̀ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti orí, àyà tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, ì báà jẹ́ jáàkì ọ́ìlì ńlá ti wọ́kíṣọ́ọ̀pù. Rọ́bà kékeré inú jáàkì ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì sá padà. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá já, ọkọ̀ á wálẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ra sítáǹdì méjì tàbí kí o yá a, èyí tí wọ́n kọ 2 tọ́ọ̀nù tàbí 3 tọ́ọ̀nù sí lára.

Mo mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù kì í wọ́n nínú ọgbà, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé ọkọ̀ lé e. Má ṣe dán an wò. Búlọ́ọ̀kù ń gbé ilé nítorí pé ìwúwo ògiri tẹ gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gba. Tí etí irin ọkọ̀ bá tẹ ojú kan ṣoṣo lórí rẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, á fọ́ túútúú lójijì. Kò ní kọ́kọ́ sán kí o lè sá. Òkúta náà kò dára láti gbé ọkọ̀ lé, bó ti wù kó le tó, nítorí irin ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ibi tí òkúta ti wúlò ni kí a fi dí táyà ẹ̀yìn.

Nítorí náà, fa hand brake, fi gíà sí P, kí o sì dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Kí o tó gbé ohunkóhun, fi téépù wọ̀n láti àárín ríìmù ọ̀tún dé etí fẹ́ńdà lókè rẹ̀, kí o sì kọ òdíwọ̀n náà sílẹ̀. A óò lò ó. Fi wheel spanner rọ nọ́ọ̀tù táyà iwájú díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Bí ọwọ́ bá tó bóòtù bushing láti ẹ̀gbẹ́, rọ òun náà díẹ̀ nísinsìnyí, nítorí agbára tí o máa fi tú bóòtù tó ti dípẹtà lè mi ọkọ̀ kúrò lórí sítáǹdì. Àná ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí o ti fọ́n WD-40 tàbí irú rẹ̀ sí gbogbo wọn.

Gbé ẹ̀gbẹ́ kan, ti sítáǹdì sábẹ́ etí irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n gé àmì méjì sí fún jáàkì, kí o sì rọra sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, gbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Apá ọ̀tún nìkan ni o fẹ́ tún ṣe, ṣùgbọ́n stabilizer so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀: bí òsì bá wà nílẹ̀ tí ọ̀tún ń fì, á máa fi agbára ti linkage, bóòtù rẹ̀ kò sì ní fẹ́ jáde. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó, dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o fi ọwọ́ méjèèjì tì í dáadáa, ti iwájú rẹ̀ náà. Bí yóò bá ṣubú, ìgbà tí o wà lórí ìdúró ni kó ṣubú. Yọ táyà, kí o sì tẹ́ ẹ sábẹ́ etí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítáǹdì, kí ó lè gbà á bí nǹkan mìíràn bá yẹ̀. Fi jáàkì náà sílẹ̀ níbi tó ti kan ọkọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́.

Má dá iṣẹ́ yìí ṣe. Kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ bí a ṣe ń gbé jáàkì. Wọ bàtà, kì í ṣe sílípáàsì, kí o sì fi gíláàsì bo ojú nítorí ìpẹtà tí òòlù máa gbọ̀n sílẹ̀. Lé àwọn ọmọdé jìnnà. Àárọ̀ ni kí o bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ ọ lábẹ́ ọkọ̀.

Yọ linkage kúrò lára bó bá dí ọ lọ́wọ́, kí o tó wá sórí ball joint. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, bóòtù kan àti nọ́ọ̀tù méjì ló de ball joint mọ́ orí áàmù. Bí ball joint rẹ bá ṣì dára, ibẹ̀ ni kí o ti yà wọ́n, kò sí òòlù níbẹ̀. Bí òun náà bá ti jẹ, wàá yọ ọ́ lára knuckle, ìyẹn irin tí táyà so mọ́. Fa cotter pin, wáyà kékeré tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú, jáde, rọ nọ́ọ̀tù rẹ̀ títí yóò fi ku díẹ̀ kó bọ́, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: bí ball joint bá já lójijì, nọ́ọ̀tù yẹn ni kò ní jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ já lé ọ lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ knuckle, níbi tí ìdí ball joint wọ̀, ni kí o fi òòlù lù. Má lu orí ball joint fúnra rẹ̀, ẹnu ibi tí nọ́ọ̀tù ń gbà á bàjẹ́. Bí o bá fi ọ̀pá gígùn tẹ áàmù sísàlẹ̀ kó lè tú, gbé ojú àti àgbọ̀n rẹ kúrò lọ́nà ọ̀pá náà, torí ó lè ta padà.

Ní kété tí áàmù bá ti kúrò, knuckle á máa fì. Fi okùn so ó mọ́ spring. Kò gbọdọ̀ fi ìwúwo rẹ̀ fa họ́ọ̀sì bíréèkì tàbí wáyà ABS, bẹ́ẹ̀ ni má ṣe fà á síta jù, nítorí shaft, ọ̀pá tó ń yí táyà, lè yọ nínú ilé rẹ̀ lápá gíà, iṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn.

Ẹ̀yin mìíràn tó ń ka èyí tí ọkọ̀ yín kì í ṣe irú Corolla yìí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí spring yín jókòó sí. Ara shock ni spring Corolla wà, áàmù kò gbé e. Lára Mercedes tí a ń pè ní V-boot, orí áàmù gan-an ni spring jókòó sí, ó sì há mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lè pa ènìyàn bí áàmù bá tú láìjẹ́ pé wọ́n fi irinṣẹ́ rẹ̀ dì í mú. Bọ́ọ̀sì HiAce náà, ọ̀pá torsion bar tí wọ́n lọ́ ló ń fi agbára gbé áàmù iwájú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tú ìwọ̀nyí nílé.

Kí o tó gbé tuntun wọlé, tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́. Gígùn wọn, ihò bóòtù, ìhà tí bushing ẹ̀yìn kọjú sí, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Áàmù ọ̀tún àti ti òsì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ Belgium, ìyẹn àlòkù òkè òkun, ni o rà, tẹ rọ́bà rẹ̀ wò, kí o sì wá ojú tó ti sán. Èrò tèmi ni pé tuntun tó jẹ́ ojúlówó sàn ju Belgium lọ fún áàmù, nítorí rọ́bà tó ti lo ọdún púpọ̀ lókè òkun náà ti gbó.

Ki bóòtù bushing bọlé, kí o fi ọwọ́ dì wọ́n kí wọ́n kàn wọlé dáadáa, kí irin má jà. Má tíì fún wọn. Ball joint ni kí o kọ́kọ́ dì parí. Nu ìdí rẹ̀ àti ihò knuckle gbẹ, má fi gírísì sí i. Bí ihò cotter pin kò bá bá ẹnu nọ́ọ̀tù mu lẹ́yìn tí o dì í tó ìwọ̀n, fún un síwájú díẹ̀ títí yóò fi bá a mu. Má rọ̀ ọ́ padà láé. Cotter pin tuntun ni kí o lò. Èyí tí o ti nà tí o tún tẹ̀ lè já, ball joint tó bá sì bọ́ lójú ọ̀nà Ṣàgámù ń wó gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ lulẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí o ní sùúrù jù lọ la dé yìí. Rọ́bà bushing kì í yí lórí bóòtù. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin inú àti irin òde. Bí áàmù bá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, rọ́bà náà fúnra rẹ̀ ló ń lọ́. Bí o bá fún bóòtù nígbà tí ẹsẹ̀ ń fì sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà á gbà pé òun ń sinmi sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá wálẹ̀, á lọ́ bí aṣọ tí a fún tí a kò tú, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Kòtò á wá máa fi kún un. Ó máa ya kí ó tó tó àkókò rẹ̀, wọn á sì sọ fún ọ pé pátì tí o rà kò dára.

Gbé jáàkì sábẹ́ orí áàmù nítòsí ball joint, kí pákó wà láàárín wọn, kí o sì rọra gbé ẹsẹ̀ náà sókè títí òdíwọ̀n láti àárín ibi tí táyà wọ̀ dé etí fẹ́ńdà yóò fi bá èyí tí o kọ sílẹ̀ láàárọ̀ mu. Máa wo sítáǹdì bí o ṣe ń gbé e. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣì jókòó lé e. Ìgbà náà ni kí o fún bóòtù bushing dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kọ, pẹ̀lú torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń fún bóòtù, tí o bá lè yá. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ kúrò lórí sítáǹdì kí òdíwọ̀n tó pé, má fi agbára ṣe é. Dá jáàkì padà, wọ táyà, kí o sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí pákó fífẹ̀ tó nípọn lábẹ́ táyà iwájú méjèèjì, kí àyè lè wà fún ọwọ́ rẹ. Dí táyà ẹ̀yìn ṣinṣin, mì í síwá-sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè jókòó, lẹ́yìn náà fún bóòtù níbẹ̀.

Nọ́ọ̀tù táyà Corolla rẹ, 103 Nm ni ìwọ̀n rẹ̀, èyí tó jẹ́ 76 lórí torque wrench tó ń ka ft-lb. Fún wọn ní ọ̀kánkán, kì í ṣe yípo. Wakọ̀ síwájú àti sẹ́yìn nínú ọgbà, kí o tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta kí o tó jáde sójú títì, má sì gba ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ ní ìrìn àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ oníalignment ló kàn, kódà bí sitíárì bá dúró déédéé lójú rẹ: ìyàtọ̀ kékeré níbi áàmù tó láti jẹ etí inú táyà tán. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 kìlómítà, tún sípánà kan gbogbo bóòtù tí o tú àti nọ́ọ̀tù táyà.

Ní ti apá òsì, má pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé o ti tú ọ̀tún. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí sítáǹdì méjèèjì, fi ọ̀pá irin yẹn dán òun náà wò, kí o sì mi táyà rẹ̀. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti sán tó fẹ́ la, pa á pọ̀, kí o lè san owó alignment lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣì le, fi í sílẹ̀, kí o sì fi owó náà ra linkage méjèèjì, nítorí ó ṣeé ṣe kí ìró díẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn áàmù tuntun, ibẹ̀ ni màá sì kọ́kọ́ wò.